Ìlù Ọjọ́ Ọdún Nìkan Kò Tó, Ó Yẹ Kí Ọmọ Kọ́ Ọ

Ìlú tí kò ní ọjọ́ ayẹyẹ tirẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Bí kò bá jẹ́ ọdún ìbílẹ̀, yóò jẹ́ ọjọ́ ìlú. Bí kò bá sì jẹ́ ọjọ́ ìlú, yóò jẹ́ àjọ̀dún orin àti ijó tí àwọn ọmọ bíbí ìlú kó owó jọ láti ṣe. Lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun yóò wálé, wọn yóò ta àtíbàbà, wọn yóò wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àwọn onílù yóò sì tú jáde láti fi oríkì kí ọba, ìjòyè àti àwọn ọlọ́lá. Ọjọ́ ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí àwọn àlejò bá ti padà síbi tí wọ́n ti wá, ìbéèrè kan wà tí àwọn ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọdún kì í sábà bi ara wọn: ọmọ mélòó ló kọ́ ìlù nínú ìlú yìí láti èṣí títí di òní?

Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì nítorí pé ìlù kò dà bí ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì wà níbẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ìlù ń gbé. Bí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lù bá lọ láì fi í lé ọwọ́ mìíràn, igi àti awọ lásán ló kù lára ògiri. Àwọn àgbà ló sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìlù. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní ìlù ni yóò ta ìlù bàbá rẹ̀ fún ẹni tó ń wá ohun ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀.

Kì í ṣe pé ayẹyẹ kò dára. Ìyìn yẹ fún àwọn tí kò jẹ́ kí ọdún parẹ́. Ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sára àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé, ọdún Ọ̀ṣun sì ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò. Ní ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ìlù kan ní Abẹ́òkúta, níbi tí onílù láti oríṣìíríṣìí ìlú ti pàdé. Ní ọdún 2023, UNESCO tún fi ọdún Ṣàngó ti ìlú Ọ̀yọ́ sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ojúde Ọba tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ti di ìran àpéwò, tí àwọn ẹgbẹ́ regbérégbé ń fi ìlù àti ijó kọjá níwájú ààfin. Gbogbo èyí jẹ́ ohun ìwúrí.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn tó ń yọ̀ nítorí orúkọ tí UNESCO fún wa lágbàáyé rántí ohun tó wà nínú àdéhùn tí àjọ náà fọwọ́ sí ní ọdún 2003. Àdéhùn náà kò sọ pé ayẹyẹ ńlá ni ìdáàbòbò. Ó ka fífi àṣà lé ìran tó ń bọ̀ lọ́wọ́ mọ́ ara ìdáàbòbò, ó sì dárúkọ ẹ̀kọ́, yálà ní ilé-ìwé tàbí lẹ́yìn òde ilé-ìwé. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Bí Ọ̀yọ́ bá ń ṣe ọdún Ṣàngó lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọdé tó ń wo bàtá kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyáàlù àti omele, ìwé ẹ̀rí ló wà lọ́wọ́, ohun tí ìwé náà ń jẹ́rìí sí ti ń lọ.

Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó nílò láti bèèrè ta ni yóò kọ́ ọmọ. Agbo ilé Àyàn ni ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí wọ́n sọ ní Àyánwálé, Àyánkúnlé tàbí Àyándélé ti gbọ́ ìlù kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bó bá tó rìn, yóò máa gbé ìlù tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóde. Ìlù kékeré ni wọn yóò kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́, bíi gúdúgúdú tàbí kànàngó nínú ọ̀wọ́ dùndún, tàbí omele nínú ọ̀wọ́ bàtá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di ìlù náà mú ṣinṣin láì yẹsẹ̀, bí àwọn tó kù bá tilẹ̀ ń yí ìlù padà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tó bá ti mọ oríkì ìdílé, tó mọ òwe, tó mọ irú ìlù tó tọ́ sí ọba àti èyí tó tọ́ sí ọdẹ, ni ìyáàlù yóò tó kan án. Láti kékeré ni Ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, láti kékeré náà sì ni Àyàn ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílù.

Ọ̀nà yẹn ti dí ní ibi púpọ̀. Ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, ó ń lọ sí lẹ́sìnnì ní ìrọ̀lẹ́, kò sí àkókò tí yóò fi tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóde. Bàbá gan-an lè má sí nílé mọ́, ó ti wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá. Àwọn òbí mìíràn tó jẹ́ ọmọ Àyàn kì í fẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ìlù rárá, nítorí wọ́n ka ara wọn sí ẹni tí ìlù kò là. Níbi ìnáwó, ẹ̀rọ ìgbàlódé tí ẹnì kan ṣoṣo ń tẹ̀ ti gba iṣẹ́ onílù márùn-ún. Àwọn tó bá fara balẹ̀ wo ọ̀pọ̀ ayẹyẹ yóò rí i pé àwọn tí ìyáàlù wà léjìká wọn ti ń dàgbà, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn kò sì pọ̀ tó.

Àdánù tó wà níbẹ̀ kò mọ sí ti agbo ilé Àyàn nìkan. Èdè Yorùbá ni dùndún ń sọ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ sí ọkọ, tó sì ń ya igbá sọ́tọ̀ sí igba, òun ni onílù ń fún jáde nígbà tó bá fi apá fún ọsán ìlù mọ́ra tàbí tó bá dẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó bá kọ́ dùndún ti kọ́ ohùn èdè rẹ̀ lọ́nà tí kò ní gbàgbé. Kò lè lu oríkì tí kò mọ̀, nítorí náà yóò kọ́ oríkì. Kò lè kí ìdílé kan láì mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, nítorí náà yóò kọ́ ìtàn ìlú. Bákan náà ni yóò kọ́ sùúrù, nítorí pé ẹni tó bá sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú ìlù ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní àkókò yìí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbọ́ Yorùbá tí wọn kò sì lè sọ ọ́ já gaara, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ilé-ìwé nìyẹn. Òótọ́ ni pé àyè wà fún un. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ilé-ìwé ní ọdún 2008, iṣẹ́ kan wà tó da orin, ijó, eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà pọ̀ mọ́ àṣà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ilé-ìwé ìgbèríko mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbẹ̀. Olùkọ́ kan ló ń kọ́ gbogbo rẹ̀, olùkọ́ náà sì lè má fọwọ́ kan ìlù rí. Ohun tí ọmọ ń kọ́ ni orúkọ ìlù nínú ìwé, kí ó lè dáhùn ìbéèrè ìdánwò. Ìlù kò ṣeé kọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan náà, onílù tó mọ iṣẹ́ yékéyéké lè wà ní agbo ilé tó dojú kọ ilé-ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì ké sí i.

Ẹ̀rí wà pé níbi tí àgbà bá ti jókòó ti ọmọdé, èso ń yọ. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1905, di olórin tí gbogbo ayé ń gbọ́, tó sì kọ iṣẹ́ orin tó ń jẹ́ African Suite ní ọdún 1944. Inú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ní Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tó lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì náà, tó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Muraina Oyelami láti Ìragbìjì, tó wà lára àwọn tó bá Dúró Ládípọ̀ ṣe eré, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù ní yunifásítì Ifẹ̀, ó sì kọ ìwé ní ọdún 1989 tó fi ọ̀nà tuntun hàn láti kọ dùndún sílẹ̀ lórí tákàdá. Ní Erin-Ọ̀ṣun, ìlú tí òkìkí àwọn onílù rẹ̀ kàn, àwọn òyìnbó wá kọ́ bàtá lọ́dọ̀ Làmídì Àyánkúnlé. Bí òyìnbó bá lè wá láti ọ̀nà jíjìn láti jókòó lábẹ́ onílù, kí ló dé tí ọmọ tó wà ní òpópónà kejì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù wà ní Kúbà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò mú ìlù kankan dání nínú ọkọ̀, ohun tó wà ní ọkàn àti ọwọ́ wọn ni wọ́n mú lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbẹ́ bàtá lóko ẹrú, wọ́n sì pe òrìṣà inú rẹ̀ ní Añá, èyí tí í ṣe Àyàn. Títí di òní, ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù pọ̀ níbẹ̀, èyí tó kéré jù, okónkolo, ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sì máa ń kọ́kọ́ gbà. Àwọn tí kò ní ọba, tí kò ní ìjọba tó dúró tì wọ́n, tí òfin tilẹ̀ ń dí lọ́wọ́ nígbà kan, di ìlù mú nítorí pé wọn kò jáwọ́ nínú kíkọ́ ọmọ wọn. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí bàtá bá ń dún ní Havana tó sì dákẹ́ ní ìlú tó ti ṣẹ̀.

Àwọn òbí kan ní ìdí tí wọn kò fi fẹ́, ìdí náà sì yẹ ní gbígbọ́. Àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀sìn. Wọ́n bẹ̀rù pé ìlù yóò fa ọmọ wọn sí ìbọ̀rìṣà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílù ló jẹ́ Mùsùlùmí tó ń kírun wákàtí márààrún, àwọn mìíràn sì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ní nǹkan bí ọdún 1960, nígbà tí Dúró Ládípọ̀ mú dùndún wọ orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òṣogbo, awuyewuye ló bẹ́ sílẹ̀. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní gángan lọ́jọ́ ìkórè kò wọ́pọ̀ mọ́. Ìlù tó wà fún ìsìn òrìṣà wà, àwọn onísìn rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ dùndún tí ọmọ fi ń kí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di ohun tí kò fẹ́ dà.

Ìdí kejì ni pé wọ́n ka onílù sí alágbe. Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀, nítorí àwọn onílù kan tó ń lé mọ́tò kiri níbi ìnáwó ló mú un wá. Ṣùgbọ́n ta ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀? Ìlú tí kò san owó iṣẹ́ fún onílù, tó ń retí kó dúró de owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, ló kọ́ ọ ní agbe. Bí wọ́n bá ń san owó oṣù fún onílù gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, iyì rẹ̀ yóò padà. Kò sì pọn dandan kí gbogbo ọmọ tó bá kọ́ ìlù fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Dókítà, agbẹjọ́rò àti àgbẹ̀ tó mọ ìlù lù kò fi nǹkan kan ṣòfò.

Kò tún yẹ kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ náà mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin. Aralola Olamuyiwa, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ara, ti fi gángan gba orúkọ nílé àti lóko, ó sì ti fi hàn pé ọwọ́ obìnrin mọ ìlù lù dáadáa. Ìlú tó bá lé àwọn ọmọbìnrin sẹ́yìn ti dín àwọn tí yóò gba ìlù lọ́wọ́ àgbà kù sí ìdajì.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò ju agbára ìlú kankan lọ. Kí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọdún yọ náírà kan nínú náírà mẹ́wàá tí wọ́n bá pa sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìlù ọmọdé, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó san owó àtíbàbà àti ti olórin tí wọ́n ń pè láti Èkó. Kí wọ́n fi ra ìlù kékeré lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́lù àdúgbò, kí owó náà lè dúró nílùú. Kí wọ́n fi san owó fún àgbà onílù méjì tàbí mẹ́ta láti máa kọ́ ọmọ ní ọjọ́ Sátidé. Ọdún Ọ̀ṣun àti ọdún Ṣàngó máa ń bọ́ sí oṣù kẹjọ ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú ìsinmi gígùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìsinmi tó ṣáájú ayẹyẹ tó láti fi ẹsẹ̀ ọmọ lé ọ̀nà, bí wọ́n bá sì ti ń bá a lọ ní Sátidé, ọdún tó ń bọ̀ yóò rí èso rẹ̀.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ gan-an, kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ lu ìlù kí àwọn ọlọ́lá tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn. Kí ọba fúnra rẹ̀ fún èyí tó bá ṣe dáadáa ní ẹ̀bùn, kí ilé-ìwé kan bá èkejì díje. Ọmọ tó bá rí i pé ìlú pàtẹ́wọ́ fún òun yóò padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, yóò sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù gba ohùn àwọn àgbà onílù sílẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń lù, nítorí ìlù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́ ti di ariwo. Kí wọ́n sì gbin igi ọ̀mọ̀, nítorí igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù kì í dàgbà lọ́jọ́ kan.

Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kò ná wọn ní ohun ńlá láti jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ìwé pe àgbà onílù wọ kíláàsì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì sanwó fún un láì wo ìwé ẹ̀rí tí kò ní. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní òkè òkun tó ń fi owó ránṣẹ́ fún ayẹyẹ lè sọ pé owó àwọn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí ẹgbẹ́ regbérégbé kan ní Ìjẹ̀bú bá lè dá aṣọ kan náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, ó lè ra ìlù mẹ́wàá fún ilé-ìwé kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà onílù ní ìmọ̀, ọmọ ní ọjọ́ iwájú, ìlú ló ní owó tí yóò so àwọn méjèèjì pọ̀.

Àwọn àgbà tún sọ pé bí ìlù bá dún jù, yíya ló ń ya. Ìró ayẹyẹ nílẹ̀ Yorùbá ti ń ròkè sí i lọ́dọọdún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pọ̀ sí i, aṣọ ń wọ́n sí i. Ó yẹ kí àwọn ọba, ìgbìmọ̀ àti òbí bojú wo ẹ̀yìn ariwo náà, kí wọ́n ka àwọn ọmọ tó lè gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lù lónìí. Níbi tí iye náà bá ti kéré, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, nígbà tí àwọn tó lè kọ́ ọmọ ṣì wà láàyè.